Ìyá Àgbà Kò Dúpẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà tí a sin ìyá bàbá mi, Òrìṣàbùnmi Àbẹ̀kẹ́, ní agbolé wa ní Ẹ̀jìgbò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ìyá rere ni, ó mọ oore. Lẹ́yìn náà, wọn a rẹ ohùn sílẹ̀, wọn a ní ibì kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó sí, ìyẹn ni ohun tó ṣe sí òyìnbó obìnrin tó gba ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń wí. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló ń pe ohun tó ṣe ní àìmoore. Mo kọ èyí kí ẹnu lè kúrò lára òkú, kí a sì gbé ẹ̀bi lọ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín.

N kò ní ròyìn ọdún tí wọ́n bí i tàbí iye ọmọ tó sin. Àwọn àgbà agbolé mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohun tí èmi mọ̀ ni irú ènìyàn tó jẹ́, àti bí ìwà rẹ̀ ṣe máa ń sú ènìyàn kó tó di pé yóò yé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá bun wá ní àgbàdo kan péré ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìyá àgbà á ti lé wa dìde lórí ẹní pé kí a lọ kí onítọ̀hún kú àná. Kò sí ọ̀rọ̀ pé a kò tíì bọ́jú. Kò sí ọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó máa ń fi òwú ránṣẹ́ sí i, nítorí òwú ríràn ni iṣẹ́ ìyá àgbà. Ẹsẹ̀ ni ìyá àgbà fi ń rìn lọ dúpẹ́. Bó bá débẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo, á di iṣu fún un. Bí ìyá àgbà bá sì ti gbé iṣu délé, ó di dandan kó tún padà lọ dúpẹ́ iṣu. Nígbà tó yá, obìnrin náà ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi, ẹni tí à ń pè ní Bàbá Làmídì, pé kó jọ̀wọ́ bá òun bẹ ìyá rẹ̀, àká òun ti fẹ́ẹ̀ ṣófo. Bàbá Làmídì jẹ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọpẹ́ tó bá sùn nílẹ̀, kíkan ní í kan.”

Ìjà rẹ̀ tó pẹ́ jù lọ, orí ọ̀rọ̀ yìí náà ló dá lé. Obìnrin aládùúgbò wa kan ti Àbíjàn dé, ó sì bá wa jẹ iyán iṣu tuntun lẹ́yìn ọdún Ògìyán. Bó ti jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó sọ pé “Mẹ̀sí, Màmá,” ó sì ti kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwa ọmọdé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, à ń pè é kiri ilé. Ìyá àgbà ní kí ló túmọ̀ sí. A ní bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́hùn-ún nìyẹn. Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà tí iṣu tuntun mìíràn fi jáde, kò dáhùn ìkíni obìnrin náà. Àwọn àgbà bá a sọ ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, obìnrin náà sì ti fi ẹnu dúpẹ́. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí ẹnu sọ tí orúnkún kò gbọ́, irọ́ ni.”

Kì í ṣe pé ó le nínú ohun gbogbo. Olórìṣà Ògìyán ni, aṣọ funfun ni í wọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bàbá Làmídì ń kírun. Èmi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́, wọ́n sì ti rì mí bọmi. Ẹ wo ilé bẹ́ẹ̀ nígbà oúnjẹ. Èmi á dijú láti gba àdúrà tí wọ́n kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá Làmídì á fa Bísímílà rẹ̀ gùn, ìyá àgbà á jókòó ti àwo, á máa wo ọbẹ̀ bó ṣe ń tutù. Nígbà kan tí àdúrà mi gùn jù, ó gbá mi lórúnkún pẹ́ẹ́. “Àṣàkẹ́, ebi kò lẹ́sìn.”

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí.

Ogun àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo fẹ́ẹ̀ jáde ní Sítáńdáàdì Síìsì, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé wa. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà fún àwọn ọmọbìnrin ní ìlú ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọ díẹ̀ ni wọ́n sì ń mú lọ́dọọdún nínú ọ̀pọ̀ tó ń jókòó ṣe ìdánwò. Ìdánwò àbáwọlé wọn ní apá mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, àti ìbéèrè nípa ohun tó ń lọ láyé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, wọn a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àròpọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń yan ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa ìlà kan sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò bá dé ibẹ̀, ìwé rẹ̀ ti kú, ì báà mọ ìṣirò ju ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ lọ. Nínú ìṣirò, wọn kò fa ìlà kankan. Mo ti wá lọ sí yunifásítì, mo ti ka ìwé àwọn tó ń gbèjà irú ètò yìí, n kò sì tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi ìdí tí a fi ń ro nǹkan pọ̀ nígbà tí a kò ní wo ohun tí àròpọ̀ náà jẹ́.

N kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ rárá yóò jókòó nínú kíláàsì bí odi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àlàfo ńlá wà láàárín ẹni tí kò gbọ́ rárá àti ẹni tó fi díẹ̀ dín sí ìlà. Ẹni tó bá ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà, òun gan-an ló yẹ kó padà lọ kọ́ ìṣirò.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi wọn Gẹ̀ẹ́sì wa. Wọ́n ní kí a kọ àròkọ lórí ọjọ́ kan tí a lò ní etí òkun. N kò rí òkun rí. Kò sí ẹni tó rí i ní kíláàsì wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí i láti ibẹ̀ dé ìlú Ìsúndúnrìn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kọ ọ́ pé n kò dé etí òkun rí, ṣùgbọ́n n ó sọ nípa odò tó wà lójú ọ̀nà oko wa, bó ṣe ń kún nígbà òjò tí àwọn ọkùnrin fi ń di ara wọn lọ́wọ́ mú kọjá. Ẹni tó máàkì rẹ̀ ní n kò dáhùn ìbéèrè. Kí ni wọ́n ń dán wò nígbà náà, èdè ni àbí ibi tí ilé bàbá ọmọ wà? Ọmọ ará Èkó tó ń ti ojú fèrèsé wo òkun, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ jù mí lọ, àbí omi?

Kí èsì tó jáde ni nǹkan ti dàrú nílé wa. Ọ̀rẹ́ Tíṣà wa kan wà lára àwọn tó máàkì ìṣirò, ó sì sọ fún Tíṣà pé èmi ni mo gba máàkì tó ga jù lọ. Tíṣà, ẹni tó kọ́ mi láti kékeré, sáré wá sí agbolé. Ó sọ ọ́ bó ti gbọ́ ọ, ó sì fi kún un pé kí a ṣe sùúrù de ìwé ìgbaniwọlé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni ìyá àgbà gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Ta ni wọn yóò wá mú, tí wọn kò bá mú ẹni tó ṣíwájú? Tíṣà ní ìyá, ẹ jẹ́ kí ìwé dé. Ìyá àgbà ní ṣé ìwé ló ń sọ fún ènìyàn pé wọ́n ṣe é lóore ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọlọ́jà tún lọ, ó di iṣu, ó mú àgbébọ̀ funfun kan àti òwú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ràn, ó mú èmi náà dání. Nígbà tí a dé iwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, òyìnbó obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Míìsì, ìyá àgbà kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó dúpẹ́, ó sì wúre tó gùn. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe ògbufọ̀. Míìsì kò mọ ohun tí à ń dúpẹ́ fún. Ó wọlé lọ wo ìwé, ó sì jáde, ó ní ọmọ náà mọ ìṣirò púpọ̀, ó ṣeni láàánú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó. Àwọn kò mú un.

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá àgbà ṣì wà. Ó bi akọ̀wé pé àwọn tí wọ́n mú ńkọ́, ṣé gbogbo wọn ló mọ ìṣirò. Míìsì ní àwọn kan kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn yóò kọ́ wọn.

“Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?” ni ìyá àgbà bi í. “Ṣé ẹ kì í kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì níbí ni?”

Míìsì ní bí òfin ṣe wà nìyẹn kí òun tó dé. Mo ti gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́nu àwọn tó kàwé jù ú lọ láti ìgbà náà, ìtumọ̀ kan náà ló sì máa ń ní: ẹni tó jókòó kò fẹ́ dìde.

Ìyá àgbà kò gba iṣu padà, nítorí a kì í gba ohun ọpẹ́ padà. A wọ ọkọ̀ padà. Mo ń sunkún. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú, ó ní, “Èmi ti kúnlẹ̀ ná. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dá ìyẹn padà fún mi.”

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọdún tí mo kórìíra jù láyé mi. Bàbá mi, tó ń ṣòwò ní Àbíjàn, ti gbọ́. Ó ránṣẹ́ pé bí wọ́n bá tún kọ̀ mí, kí wọ́n fi mí sọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò, ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́hùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mi. Bó ṣe rí nìyẹn: ìlà kan nínú Gẹ̀ẹ́sì ló dúró láàárín èmi àti ọkọ tí n kò rí rí. Ìyá àgbà sọ fún ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà pé kó bá òun kí ọmọ òun, kó sì sọ fún un pé ọwọ́ òun ni ọmọ wà.

Tíṣà mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ojú sì ń tì í láti ṣe é. Ó pa ìṣirò tì, ó gbé àròkọ tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ lé mi lọ́wọ́ pé kí n há wọn sórí: ọjọ́ kan ní etí òkun, ìrìn-àjò nínú ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ ìbí mi. Mo ń kà wọ́n sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà ń ran òwú. Ó ní kí n túmọ̀ ti òkun fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀: ìgbì ń bú, iyanrìn funfun ń dán, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ìkarahun.

“Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n wo?”

Mo ní kò sí ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni.

“Tíṣà ńkọ́, òun rí òkun ọ̀hún?”

“Kò rí i, Ìyá.”

Ó fi ìrànwú sílẹ̀. Ó ní, “Irọ́ pípa ni wọ́n wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yín.”

Nígbà tí ìdánwò tún dé, wọ́n béèrè ìrìn-àjò. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin tí n kò wọ̀ rí, mo dé ibi tí n kò dé rí, mo sì kọjá ìlà Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló fi lé. Ìṣirò mi wálẹ̀ gan-an, nítorí n kò fọwọ́ kàn án ní ọdún náà. Nígbà tí Tíṣà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rí i pé ohun tí mo gbà kò tó ti èṣí. Èyí ni wọ́n mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì rò ó. Nígbà tí mo mọ púpọ̀, wọ́n lé mi. Nígbà tí mo gbàgbé díẹ̀ nínú rẹ̀, tí mo sì kọ́ irọ́ sí i, ìwé ìgbaniwọlé dé.

Inú gbogbo agbolé dùn. Bàbá Làmídì ra àgbébọ̀. Wọ́n ní ìyá àgbà ni kó ṣíwájú wọn lọ dúpẹ́ ní ọjọ́ ìwọlé, bí gbogbo òbí ṣe ń ṣe. Ó ní òun kò dúpẹ́. Wọ́n rò pé eré ni. Ó ní òun yóò bá wọn lọ, òun yóò gbé àpótí ọmọ òun, ṣùgbọ́n òun kò dúpẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ òun dúpẹ́.

Tíṣà kó àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ tó ń retí àyè pọ̀, pé bí inú bá bí Míìsì lọ́jọ́ náà, ó lè fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tèmi kí a tó délé, ọ̀nà Àbíjàn sì ti là sílẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá bi í pé, “Tíṣà, ẹ má tàn mí o. Èṣí àti ọdún yìí, èwo ni ọmọ yìí mọ̀wé jù?”

Tíṣà wolẹ̀. “Bí a bá rò ó pọ̀, Ìyá, ti èṣí ni.”

“Ti èṣí ni mo lọ dúpẹ́ rẹ̀. N kò dúpẹ́ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì.”

Bàbá Làmídì ní ìyá òun fẹ́ pa ọmọ lára nítorí agídí. Òótọ́ ni, agídí wà nínú rẹ̀; èmi náà bínú sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ ìwọlé pé. Gbogbo òbí wà lórí ilẹ̀ níwájú Míìsì, àwọn obìnrin lórí ìkúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin lórí ìdọ̀bálẹ̀, Bàbá Làmídì láàárín wọn pẹ̀lú àgbébọ̀ lábẹ́ abíyá. Ìyá àgbà nìkan ló dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀. Kò sí bí ènìyàn kò ṣe ní rí i. Míìsì rí i, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó bi akọ̀wé pé kí ló dé tí màmá tó wúre púpọ̀ lọ́dún tó kọjá kò sọ nǹkan kan lónìí. Akọ̀wé yíjú sí wa, ó rọra ní, “Ìyá, ẹ bá ọmọ yín ṣe é, ẹ kúnlẹ̀.”

“Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti dúpẹ́ ní èṣí,” ni ìyá àgbà wí. Kò gbé ohùn sókè. “Ọmọ tó mọ̀wé ju eléyìí lọ ni mo mú wá fún un, mo kúnlẹ̀, ó ní kò tó. Odindi ọdún kan ni a fi dín in kù kó lè bá ìwọ̀n wọn mu. Kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kéré tó wàyí.”

Akọ̀wé húkọ́. Ó yí padà sí Míìsì, ó sì sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé màmá ní òun dúpẹ́ gidigidi, òun sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run bù kún ilé ẹ̀kọ́ náà.

Mo gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò yé mi. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe é, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí, àyè mi ti dájú. Ìyá àgbà dúró, ó ń wo ojú Míìsì, ó ń retí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tí kò dé ibẹ̀.

Mo ní, “Rárá, Mà. Kò sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo wá sọ ohun tó sọ. Mo mọ̀ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ lò níbi méjì tàbí mẹ́ta, n kò sì há ìkankan nínú rẹ̀ sórí tẹ́lẹ̀. Mo sọ ti èṣí, mo sọ ti ìkúnlẹ̀, mo sọ pé a dín mi kù. Tíṣà, tó bá wa wá, dijú. Bàbá Làmídì, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Míìsì.

Míìsì bi akọ̀wé pé ṣé ohun tí màmá sọ nìyẹn. Akọ̀wé wo bàtà ara rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ojú Míìsì pọ́n bó ṣe ń wo ìyá àgbà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé àpótí mi lọ sí yàrá tí àwọn yòókù ń sùn, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ òbí tó kàn.

Ìyá àgbà fà mí mọ́ra. Ó ní kí ni mo sọ fún un.

“Ohun tí ẹ sọ ni, Ìyá.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Ó gbé àpótí náà lé mi lórí, ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe kó má baà yẹ̀.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Gẹ̀ẹ́sì rẹ ti tó.”